Fóòmù Inú Ẹ̀wù Sájẹ́ǹtì

Apá ọ̀tún ọkùnrin náà ni Bàrákàt kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì gbá apá ọ̀hún mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Bàrákàt ní Ìgándò, kò wọlé, kò sì padà. Ẹ̀wù ológun kan wà ní ọrùn rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú náà tutù débi pé Bàrákàt gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí mọṣíìnì, abẹ́rẹ́ sì ń ránṣọ lọ kọjá etí aṣọ.

Ọkùnrin náà ní kó jọ̀wọ́ bá òun lẹ èjìká ẹ̀wù náà. Bàrákàt gbà á, ó wò ó sí ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ìṣó fà á ya. Nǹkan kan ti ń gbá a lójú kan náà, léraléra, títí òwú fi jẹ tán.

"Kí lẹ ń gbé lé èjìká?" ó bi í.

"Ìbọn ni, sísí télọ̀. Àmọ́ ó dà bíi pé òun ló ń gbé mi."

Sódìq Oyèníran lorúkọ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́; láti ojú ogun ní Bọ́rnò ni wọ́n ti pè é wá sí Èkó, ó sì gba yàrá kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Bí Bàrákàt ṣe ń tú òwú ògbólógbòó, ó ń ṣàlàyé. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ìbọn tí gbogbo ológun ẹlẹ́sẹ̀ ń gbé. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò, méjì ló kù. Ọ̀kan ń lo ọta ńlá: ó ń lọ jìnnà, ó ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n ó wúwo, ìdí rẹ̀ sì ń gbá ni léjìká bí ẹṣin. Èkejì ń lo ọta kékeré: kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dáni lóró, èèyàn sì lè gbé ọta rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n yàn láti máa yin méjèèjì lójoojúmọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, dókítà á wo èjìká wọn, á kọ ohun tó rí sílẹ̀. Nítorí pé Sódìq ló mọ ìbọn yìn jù láàárín wọn, ìwé tirẹ̀ ni ìgbìmọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.

"Èwo lẹ̀yin fẹ́ níbẹ̀?"

"Wọn ò ní ká fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ká yìn ín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé èjìká rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀.

Bàrákàt ò bá a rẹ́rìn-ín. Ọdún kejì rèé tí Al-Ameen, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti kú sí ojú ogun ní Bọ́rnò. Ọ̀rẹ́ Al-Ameen tó padà wálé ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wọn: ọta ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbé ìwọ̀n tí ẹ̀yìn èèyàn lè gbé, kò sì tó títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Bàrákàt ò sọ ọ̀kankan nínú èyí lọ́jọ́ náà. Ó kàn mú fóòmù tó máa ń fi sí èjìká búláòsì àwọn obìnrin, ó fi ìpele méjì sáàárín ẹ̀wù àti aṣọ tó fi lẹ̀ ẹ́, ó sì rán an yíká. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: aṣọ kì í kúrò lọ́wọ́ télọ̀ tòun ti ohun tó ń pa á lára. Kò béèrè lọ́wọ́ Sódìq. Kò tilẹ̀ sọ fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, Sódìq padà wá, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. Bàrákàt bú sẹ́rìn-ín. Sódìq ní òun rí fóòmù náà o, àṣírí ti tú. Ó ní ó yẹ kóun sọ fún dókítà, ṣùgbọ́n nígbà tóun wọ ẹ̀wù náà, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ sáàárín òun àti ìbọn. Òun ò lè tú u.

"Àbí ẹ fẹ́ sọ mí di ìyàwó ilé ni, tẹ́ ẹ fi búláòsì wọ̀ mí?"

"Ẹ ò lè ṣèyàwó. Ẹ ti rí gbọọrọ jù."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń wá. Wọ́n á jọ jẹ bọ̀ọ̀lì ní ibùdókọ̀ Pleasure, wọ́n á jọ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí èrò ti ń fún wọn mọ́ra, tí wọ́n á sì ṣe bíi pé èrò ló fà á. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó kíyè sí i. Sódìq sọ fún un pé wọ́n ti ṣèlérí fún òun pé, bí iṣẹ́ ìbọn náà bá parí dáadáa, Èkó lòun máa jókòó sí, òun á máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Bàrákàt ti ń rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ nínú ọkàn, ó ti dé ibi ọwọ́ aṣọ.

Ìyá rẹ̀, Mọ̀dínátù, ló já òwú náà. Àwọn aládùúgbò ti sọ fún un. Kò pariwo. Ó ní òun ti bí ọ̀kan fún ìbọn, òun ò ní fi èkejì fún un ṣaya. Ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ kejì, lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù, Bàrákàt sọ ti Al-Ameen fún Sódìq níkẹyìn. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ìbọn wo ló gbé?"

"Ọlọ́ta ńlá ni, irú èyí tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀."

Sódìq wo èjìká ara rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fi ìka tẹ èjìká rẹ̀, fóòmù náà ń rì wọlé, ó ń wú padà.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni dókítà ti wo èjìká mi láti ìgbà tí fóòmù ti wà níbẹ̀, tí kò rí àpá kankan," ó ní. "Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ológun tó bá mọṣẹ́ lè gba ìbọn ńlá náà mọ́ra láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìgbìmọ̀ ń tẹ̀ lé báyìí, Bàrákàt. Èjìká mi."

"Fóòmù mi?"

"Tiwa ni. Ìwọ lo rán an, èmi ni mo wọ̀ ọ́."

Bí Sódìq bá lọ jẹ́wọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á sì dá a padà sí Bọ́rnò. Bó bá dákẹ́, Èkó ni, ilé ni, ọmọ ni. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Bàrákàt fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ó ti kó ẹ̀bẹ̀ náà jọ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, orúkọ Al-Ameen ló jáde.

Sódìq di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo gbọ́, olólùfẹ́ mi," ó ní, ó sì ki ẹ̀wù náà sínú ọ̀rá dúdú láti gbé e lọ fún dókítà.

Wọ́n fagi lé ìwé rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn mẹ́fà, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kó fi múra Bọ́rnò. Ìgbìmọ̀ tún ìwé àwọn márùn-ún tó kù yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbọn ọlọ́ta ńlá náà ni wọ́n ṣì mú. Bó ṣe ń lọ jìnnà ló wù wọ́n. Ikọ̀ tí wọ́n ń rán Sódìq lọ bá ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó o fún.

Bàrákàt gbọ́ ọ, kò sunkún. Ó kàn jókòó ti mọṣíìnì tí kò ní òwú, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kí ni wọ́n wá fi ayé wọn rà?

Ó bẹ Sódìq pé kó má lọ bá ìyá òun. Sódìq lọ. Mọ̀dínátù, tí Bàrákàt ti sọ gbogbo rẹ̀ fún, kò ní kó jókòó.

"Ọta mélòó lo máa lè gbé?" ni ìyá náà bi í.

"Ọgọ́fà, Màmá. Bí mo bá dín oúnjẹ kù, ó lè jẹ́ ọgọ́jọ."

"Ká ní èyí kékeré ni wọ́n mú ńkọ́?"

"Á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, Màmá."

Ìyá náà sún mọ́ ọn. "O sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n á dá ẹ padà sí, kó o tó lọ jẹ́wọ́."

"Mo mọ̀, Màmá."

Mọ̀dínátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀ tirẹ̀. Ó sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n túfọ̀ Al-Ameen. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní kí wọ́n lọ pe Àlùfáà Ọláníyan.

Nínú pálọ̀ yẹn ni wọ́n ti so yìgì lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Èèyàn méje ló wà níbẹ̀. Aṣọ tí Bàrákàt fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ló wọ̀, nítorí èyí tó wà nínú ọkàn rẹ̀ kò rí ọjọ́ parí.

Ní òwúrọ̀ tí Sódìq máa lọ, Mọ̀dínátù gbé fóòmù kan wá, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n. Inú ìrọ̀rí Al-Ameen ló ti gé e.

"Kò sí dókítà tó máa wò ó níbẹ̀," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Rán an kó nípọn."

Bàrákàt rán an sínú ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ìpele mẹ́ta, ojú abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Sódìq wọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èjìká ọ̀tún náà, fóòmù ni ọwọ́ rẹ̀ kàn, kò kan eegun. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan eegun.