Ohun Tí Enid Pariwo Tẹ̀lé Bọ́ọ̀sì

Inú òjò ni Ferenc ti kọ́kọ́ rí ẹ̀gbọ́n mi, Enid, ní ibùdókọ̀ kan ní Halifax, ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rògbòdìyàn ọdún 1956 ló lé e kúrò ní Hungary. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló ti ríṣẹ́ nílùú wa. Ó ṣí agbòjò rẹ̀ lé Enid lórí, òjò sì pa òun alára.

“Ìwọ ńkọ́?” Enid bi í.

“Èmi, mo ti tutù tẹ́lẹ̀.”

Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n mi. Olùkọ́ ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Bàbá wa fárígá. “Ṣé ọkùnrin ti tán ní Yorkshire ni?” Enid bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ní kí Ferenc wá jẹun ní Sátidé, káwọn fojú ara àwọn rí i.

Enid sáré lọ sọ fún un, àmọ́ bọ́ọ̀sì Ferenc ti ń lọ. “We break up on Friday!” ló pariwo, ó sì ní kí ó wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Sátidé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni Ferenc gbọ́; ariwo ẹ́ńjìnnì bo ìyókù mọ́lẹ̀.

Ferenc bi onílé rẹ̀ léèrè ìtumọ̀ “break up”.

“Háà, ọmọ mi, kí olólùfẹ́ méjì kọ ara wọn sílẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n fi ọmọbìnrin mi ṣe nìyẹn.”

Ní Sátidé, Ferenc ò yọjú, oúnjẹ tutù lórí tábìlì. “Ṣé mo wí?” ni Bàbá ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí omijé Enid, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó èédú.

“Ẹ wọkọ̀. Yóò sọ ohun tí ọmọ mi ṣe fún un.”

Onílé Ferenc ló sọ fún wa pé ó ti di ẹrù rẹ̀; ibùdó ọkọ̀ ojú irin la ti bá a, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀.

“Kí ni mo ṣe fún ẹ?” Enid ń sunkún.

“Ìwọ lo ní a ó break up. Mo rò pé bàbá rẹ ló borí.”

“Ilé-ẹ̀kọ́ mi ni, olówó orí mi! Bí a bá fẹ́ gba ìsinmi, ohun tí à ń wí náà nìyẹn. Èmi, kí n fi ẹ́ sílẹ̀ kẹ̀?”

“Ojoojúmọ́ lèmi náà ń break up èédú,” ni Bàbá wí. “Ẹjọ́ rẹ kọ́, ọmọ. Èdè wa ló ya wèrè. Níbo lò ń lọ?”

“Mi ò mọ̀, sà. Ibi tí mi ò ti ní máa rí i.”

Bàbá wò ó títí. Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ lé èjìká. “Ẹran àgùntàn wà nílé. Enid ló sè é. Ṣáà sọ pé ó dùn.”

Kí oṣù kẹjọ tó parí, wọ́n ṣègbéyàwó. Ferenc ò ní ẹbí kankan nílùú wa, àwọn àga ẹbí ọkọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì sì ṣófo. Nígbà tí Bàbá fa Enid lé e lọ́wọ́ tán, Bàbá rìn lọ jókòó sí apá ọ̀dọ̀ ọkọ ìyàwó.