Póò Inú Ọkọ̀ Saizi

Gbì! Gbì! Mo ṣì ń gbọ́ ọ, bí póò yẹn ṣe ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa lórí adágún Chilwa, lọ́dún tí àìsàn onígbáméjì ń pa àwọn apẹja. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi, Saizi, ló ni ọkọ̀ náà. Wọ́n ní kí gbogbo ọlọ́kọ̀ ra póò, kí wọ́n yé ṣu sínú omi tí à ń mu. A yẹ méjì wò. Ọ̀kan jẹ́ ike onídèérí, ó fúyẹ́. Èkejì wúwo, ó ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ pákó.

Saizi ní, "Eléyìí tó wúwo la máa mú. Ìwọ lo mọ irinṣẹ́ lò, wàá dè é. Kò gbọdọ̀ mì o."

Ibi tí mo ti ń dè é ni Masautso, ọmọ kíláàsì wa, ti rí mi.

"Agbépóò! Ṣé wàá bá wa gbé tiwa náà?"

Àwọn ọmọbìnrin tó wà létí omi bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo kó nọ́ọ̀tì sápò, mo fi okùn so póò náà, kí n lè máa tú u, kí n sì fi í pamọ́ ká tó gúnlẹ̀.

"Ṣé o ti dè é?" Saizi bi mí.

"Ó ti le dan-in, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ kẹta, a ń gbé apẹja kan tó ń ṣu gbuuru lọ sílé ìwòsàn. Orí póò ló wà nígbà tí mwera, afẹ́fẹ́ líle orí adágún wa, dé. Gbì! Gbì! Okùn tú. Òun àti póò ṣubú, gbogbo ìgbẹ́ inú rẹ̀ sì dà sínú ọkọ̀. Agolo tí a fi ń mumi ni Saizi fi gbọ́n ọn dànù. Ó ṣàn án nínú adágún, ó sì fi mumi.

Ọjọ́ kejì ni onígbáméjì pa Saizi.

Lójú sàréè, ìyá wa ń sunkún pé, "Saizi, ta ló ní kó o ra nǹkan burúkú yẹn?" Nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú àpò mi. Mo fi ọwọ́ bo àpò náà. Kò pẹ́ sí i, mo fi ìlú sílẹ̀.

Ó ti lé lógójì ọdún. Lánàá, Lameck, ọmọ Saizi, kọ̀wé sí mi lórí fóònù: "Bàbá, mo ti ra ọkọ̀. Àwọn ará ilé ní n má gbé póò sí i, pé òun ló pa bàbá mi."

Mo tẹ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀. Nígbẹ̀yìn, mo fi ránṣẹ́:

"Lameck, èyí tó dáa ni bàbá rẹ rà. Èmi ni mi ò fi nọ́ọ̀tì dè é, torí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì parọ́ fún un. Gbé póò sínú ọkọ̀ rẹ. De ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín."