Ọkọ̀ Awọnlẹ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lórí Ìdúró

Ojú mi ló ṣe, kò sì tíì pẹ́ tó ohun tí ènìyàn ń gbàgbé. Bí ẹ bá rò pé mo ń bù mọ́ ọn, ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í sì í parọ́, àfi nípa ọjọ́ orí rẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ ń tún ọkọ̀ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wa fi sílẹ̀. Etí-Ehoro làwọn oníbàárà ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Kí ọkọ̀ tó yà kúrò lójú títì sọ́dọ̀ wa ló ti máa ń mọ ibi tó ń dùn ún. Èmi ni mo máa ń tú nǹkan, òun ló máa ń gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyá àgbàlagbà kan wa ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ wá. Ó kéré, ẹnu rẹ̀ gùn, ìjókòó méjì péré ló ní, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí osùn tó ti ṣá. Ọkọ ìyá náà ló ni ín. Awọnlẹ̀ ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀ láti ọdún kan. Kò lè gbé ọwọ́, kò lè sọ̀rọ̀, dókítà sì ti ní kí wọ́n má retí ohun púpọ̀ mọ́. Màmá náà fẹ́ gbé e jáde nínú ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjọ́ tó lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ara bàbá kò lè gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi wà á jáde, mo jókòó tì í. Ní ọgọ́rin, ó yọ ọ́ kúrò nínú gíà. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, gbígbọ̀n náà kò rọlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kọ́ nìyẹn. Ó ní kí n fọwọ́ kan sítíárìn. Ó dúró jẹ́ẹ́. Táyà iwájú kọ́. Ìdí wa ló ń gbọ̀n.

"Ṣáàfù ni," ó ní.

Ṣáàfù ni ọ̀pá irin gígùn tó ń gba abẹ́ ọkọ̀ gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. A gbé ọkọ̀ sórí irin mẹ́rin, a yọ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì tú ọ̀pá náà. Oríkèé rẹ̀, tí à ń pè ní kúrọ́ọ̀sì, ti jẹ. Ìpẹtà ń dà nínú rẹ̀ bí áásáà. Mo gbé ṣáàfù sórí tábìlì, mo yọ bátìrì. Kúrọ́ọ̀sì tuntun kò ní dé títí di ọjọ́ Ẹtì, torí ọkọ̀ náà dàgbà ju ẹni tó ń ta ẹ̀yà rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ń fọwọ́. Oòrùn mú. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Mo gbọ́ ìró kan, tín-ín-rín, bí oyin nínú igi. Mo wẹ̀yìn. Sípánà tí mo gbé sórí ọkọ̀ ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi já bọ́.

Ọkọ̀ ń gbọ̀n.

Kò sí bátìrì. Kò sí táyà. Ṣáàfù wà lórí tábìlì, kò mira. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó dijú.

"Ọgọ́rin," ó ní.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Mo yọjú wo òǹkà kìlómítà, torí mo ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a gbé ọkọ̀ sórí irin. Ó ti fi mẹ́rìnlá lé.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ kò tó bó ṣe ń wù mí láti mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ Rú, mo bu omi sínú ife méjì, ọ̀kan sílẹ̀, ọ̀kan sórí ọkọ̀. Nígbà tí àkókò tó, ti ilẹ̀ dúró, ti orí ọkọ̀ ń mì. Mo ti tú wáyà òǹkà náà pàápàá. Ó tún fi mẹ́rìnlá lé.

Lọ́jọ́ Bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ bi Màmá nílé rẹ̀ nípa ọkọ̀ yìí. Màmá mú mi wọ yàrá tí bàbá wà. Ó ní láti ìgbà tí bàbá ti fẹ̀yìn tì, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wa ọkọ̀ náà jáde, òun nìkan, títí rọpárọsẹ̀ fi dá a dùbúlẹ̀. Bí òun bá bi í, á ní atẹ́gùn lòun lọ gbà. Ibi tí atẹ́gùn náà wà, Màmá ò mọ̀ ọ́n.

A wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí aṣọ ìbora. Màmá ní bó ṣe ń ṣe ní àkókò yìí nìyẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun ò mọ̀ bóyá ìwòsàn ni tàbí ikú. Mo di ọwọ́ náà mú. Fóònù mi dún.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ Bàbá wà lọ́wọ́ mi."

A ò pa fóònù. Nígbà tí ọwọ́ náà dúró, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ti dúró."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Mo ní bóyá ká fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí a ò mọ ohun tí àtúnṣe lè fà. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí.

"Ẹ tún un ṣe, ọmọ mi," ó ní. "Bó bá ń lọ síbì kan, kó má fi ìnira lọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, a fi kúrọ́ọ̀sì tuntun sí i, a to oríkèé méjèèjì dọ́gba, a dá ẹsẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ padà, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà á dé ọgọ́rin, ó ń lọ geere. Nígbà tí àkókò tó, a dúró tì í nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò gbọ̀n. Mo ti fẹ́ mí kanlẹ̀ kí n tó rí òǹkà náà. Ó ń yí, láìdún rárá. Màmá pè wá. Ó ní ọwọ́ bàbá dúró, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí atẹ́gùn ń fẹ́ lójú.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, àwọn aládùúgbò gbé bàbá sínú ọkọ̀, Màmá wà á lọ. Ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ ìyókù, lórí bẹ́ńṣì wa, pẹ̀lú ife omi tí kò mu. Ó ní ọkọ̀ kò gbọ̀n. Ó ní ojú bàbá ń dán. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà etí odò, bàbá la ẹnu tí kò là láti ọdún kan.

"Kì í ṣe ọ̀nà yìí," ó ní.

Màmá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó bi í léèrè ọ̀nà wo ni. Ìka bàbá dìde, ó nà sí apá òsì. Odò ló wà níbẹ̀, fífẹ̀, kò sí afárá. Ó tún bi í. Sítíárìn ló ń yí lábẹ́ ọwọ́ Màmá, díẹ̀díẹ̀, sí apá òsì. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú títí tó fi yí ọkọ̀ padà sílé.

Ó bẹ̀ wá kí a yẹ sítíárìn náà wò.

A wò ó. Kò sí ohun tó ṣe é.