Ilé Tó Wà Létí Odò

"Ó ti ṣiṣẹ́!" Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kọ̀ǹpútà fò sókè nídìí tábìlì. Orúkọ tí àwọn ọmọ kíláàsì sọ ọmọbìnrin náà nìyẹn, nítorí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ ju oúnjẹ lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà ìlú wọn ló bẹ ilé ẹ̀kọ́ wọn níṣẹ́: kí wọ́n pín igba ilé tí àwọn arúgbó ń gbé sábẹ́ ibùdó ìlera mẹ́ta, kí ilé kọ̀ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ ibùdó tó sún mọ́ ọn jù. Ètò tí Kọ̀ǹpútà kọ sínú ẹ̀rọ a máa wọn ọ̀nà láti ilé kan dé ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì mú èyí tó kúrú jù.

Olùkọ́ wò ó títí. "O káre. Ṣùgbọ́n tààrà ni ètò yìí ń wọn ọ̀nà, kò mọ odò, kò mọ ògiri. Mú ogún ilé, kí o fẹsẹ̀ rin ọ̀nà wọn dé ibùdó wò. Kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́, kò kàn ṣe é ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fà á láṣọ kí wọ́n lọ wo bọ́ọ̀lù. "Ogún ilé nínú oòrùn yìí? Ta ni yóò mọ̀? Kọ ọ́ pé o ti rìn ín, jàre."

Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò náà, ìyá aránṣọ àdúgbò wọn, arúgbó tí ilé rẹ̀ wà létí odò, ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òun ló ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà láti kékeré, ilé rẹ̀ sì wà lára ogún tí Kọ̀ǹpútà kọ pé òun ti rìn. Wọ́n pe ibùdó tí ètò náà yàn fún un. Ibùdó ọ̀hún kò jìnnà, ojú fèrèsé ìyá ni wọ́n ti ń rí i, ṣùgbọ́n odò wà láàárín, afárá sì wà lọ́nà jíjìn. Wákàtí kan gbáko ni nọ́ọ̀sì fi yípo. Ibùdó kejì, tí kò sí odò lọ́nà rẹ̀, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kí nọ́ọ̀sì tó dé, ọwọ́ ọ̀tún ìyá ti rọ.

Kọ̀ǹpútà lọ kí i nílé ìwòsàn. Ìyá fi ọwọ́ òsì dì í mú.

"Wọ́n ní bóyá ìwọ lo ṣàṣìṣe," ni ìyá rọra wí. "Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ní bí o bá sọ pé o rìn ín, o rìn ín. Ọmọ mi kì í purọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó kúnlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, mà. Mi ò rìn ín."

Ìyá kò bú u. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ kejì ni Kọ̀ǹpútà ti ń rìn. Igba ilé ló rìn pé, ó sì tún ètò náà kọ, kí ètò náà lè máa wọn ọ̀nà tí èèyàn ń gbà gan-an. Ṣùgbọ́n omi tó ti dànù kò ṣeé kó. Ìyá kò rán aṣọ mọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe ohun tí kò ṣe, kó mọ̀ pé orí ẹlòmíràn ni ìyà irọ́ náà lè bọ́ sí.