Ta Ló Kó Kolibírí Doña Zoila?

Ìgò omi ṣúgà kún dẹ́nu, ẹyẹ kan ò sì wá. Doña Zoila Quishpe dúró lábẹ́ páànù ilé rẹ̀, ó ń wo ọgbà. Kùrukùru bo igi, òjò ń sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kolibírí, ẹyẹ wẹ́wẹ́ tí í dúró lójú òfuurufú mu omi òdòdó, a máa jà níwájú rẹ̀ bí orogún. Báyìí, kẹ́kẹ́ pa. Àwọn aláwòrán tó ti Quito, olú-ìlú, wá di kámẹ́rà wọn padà, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Ó ti lé lóṣù kan tó ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹyẹ ò bá wá, aláwòrán ò ní wá; bí aláwòrán ò bá wá, opó yìí á ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi sí. Fausto Cevallos, aládùúgbò rẹ̀ lókè, ti ṣetán láti rà á. Ẹ̀rín ni ọkùnrin náà máa ń rín ṣáá. Èmi ò fẹ́ràn ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbi tí ẹlòmíràn ti ń sunkún.

"Ẹyẹ ti kọ ibí sílẹ̀ ni, Doña," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ fọwọ́ síwèé lọ́la."

"Mo gbọ́," ni Zoila dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bayardo Endara, aláwòrán tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, yà mu kọfí. Inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ wo ohun tí mo yà lánàá."

Zoila wo kámẹ́rà. Ẹyẹ aláwọ̀ ewé ni, ìyẹ́ funfun bo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀, ìrù gígùn kan ṣoṣo ló ní níbi tó yẹ kí méjì wà. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Onírù-kan mi nìyí. Níbo lo ti rí i?"

"Ọ̀dọ̀ Don Fausto ni, nínú ilé kan tó ta aṣọ yí ká. Ó ní kí n má sọ fẹ́nì kankan."

"Ẹyẹ igbó, nínú ilé? Ìwọ náà ò sì bi í?"

Ojú ti Bayardo, ó sì fi fóònù pe ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì Narcisa Toapanta, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ igbó, gbé àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀, ó kọrí sí òkè, sọ́dọ̀ Fausto. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ta Fausto lólobó. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilé onípákó náà ti ṣófo. Kò sí aṣọ, kò sí ìgò, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹyẹ dà?"

"Ẹyẹ wo, Sájẹ́ǹtì? Àgbàdo ni mò ń kó síbí."

"Àwòrán tí Bayardo yà ńkọ́?"

"Ọmọ Quito. Ṣé ó mọ igbó yàtọ̀ sí ilé ni?" Ó yíjú sí Zoila. "Ogbó ń dé o, Doña. Ẹ tọrọ àforíjì, ká lọ fọwọ́ síwèé."

Narcisa tú abẹ́ pákó, ó tú ọkọ̀ Fausto. Kò rí nǹkan kan. "Ìyá, mi ò lè mú èèyàn nítorí ilé tó ṣófo," ló wí.

Òjò dá. Ẹyẹ kan gba ojú fèrèsé wọlé. Ó dúró lójú òfuurufú láàárín yàrá, níbi tí kò sí ohunkóhun, ó ń fi ẹnu gún afẹ́fẹ́. Òmíràn wọlé, ó dúró tì í. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tò lọ bẹẹrẹ, oníkálukú lábẹ́ ìṣó tí wọ́n so ìgò omi ṣúgà rẹ̀ kọ́ tẹ́lẹ̀ lára àjà.

Fausto rò pé bí òun bá ti tú wọn sílẹ̀, wọ́n á fò lọ ni. Ó gbàgbé ohun tí gbogbo wa mọ̀ lórí òkè yìí, pé kolibírí kì í gbàgbé ibi tó ti mumi.

"Ṣé àgbàdo ni wọ́n wá jẹ?" ni Narcisa béèrè.

Fausto fò gba ojú fèrèsé. Ó wọ ọkọ̀, ó ṣáná sí i, táyà ń yí lójú kan nínú ẹrẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sá wọ inú oparun, Bayardo gbá a mú lẹ́sẹ̀, ó já ara rẹ̀ gbà, ó tún sá. Etí odò ni ó ti yọ̀ ṣubú, Narcisa sì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Ìgbà wo lo kó wọn?"

"Ọjọ́ Sọ́ńdè, tí Doña bá lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọ̀n ni mo fi kó wọn."

"Nítorí kí ni?"

"Ilẹ̀ Doña ni mo fẹ́."

"Wọn ò pé. Àwọn yòókù ńkọ́?" ni Zoila béèrè.

Fausto wo ilẹ̀. "Ẹ̀yìn ilé ni mo sin wọ́n sí."

Zoila sunkún, kò sì fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ọkùnrin náà sínú ọkọ̀, Zoila na ọwọ́. "Ẹ dúró ná, Sájẹ́ǹtì. Ebi ń pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kó po omi ṣúgà kí ẹ tó mú un lọ."

Fausto po omi ṣúgà tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, Zoila dúró lé e lórí. "Rò ó dáadáa." Lẹ́yìn náà ó gba ìgò, ó gbé e sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sọ̀kalẹ̀. Ẹyẹ kan bà lé ẹnu ìgò, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń mu, wọ́n ń jà, wọn ò fi í sílẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀," ni ó ń wí fún wọn. "Ilé ò jìnnà."