Erin Tí Wọ́n Fi Ránṣẹ́ sí Haleemah

Ìgbà kẹta rè é tí Bùsírátù yóò ṣí álíbọ́ọ̀mù náà, tí yóò bá gbogbo sítáǹpù inú rẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Ojú ewé mẹ́fà gbáko, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n kọ sí i, bí èrò tó forí kanlẹ̀ lórí ìrun.

Ó pòṣé. Ọ̀sán gangan ni. Ìrun Àílà ló dìde lọ kí, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Àǹtí Hephzibah! Ta ló tún wọ yàrá yìí?"

Hephzibah, ọmọ àbúrò baba onílé, tó ń se oúnjẹ fún un, yọjú láti ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kò kọjá ẹnu ọ̀nà. "Èmi kẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, ẹsẹ̀ mi ò tẹ yàrá yẹn rí. Má pariwo lé mi lórí o, ìwọ lọ́yà tí kò ní wíìgì."

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Bùsírátù. Láti ìgbà tó ti parí yunifásítì ló ti ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, tó ń béèrè orúkọ àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kó lọ sógun Bọ́mà nígbà Hítílà, tí ilé wọn ò gbúròó wọn mọ́. Ó gbé páálí ìwọ́de títí apá fi ń ro ó. Àwọn akọ̀wé ní kó lọ wá ọkọ fẹ́.

Kì í kúkú ṣe tìtorí ọmọ aráyé nìkan. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀, Haleemah, ń bẹ ní Ìjemọ̀, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí bàbá rẹ̀, Sàlàhúdíìnì, ń lọ sógun, tó bi í pé kí lòun yóò fi ránṣẹ́ sí i. Ọmọ ní erin. Bàbá ní kò burú, erin ń bọ̀. Erin ò dé, lẹ́tà ò dé. Àwọn ẹbí ní ó ti fẹ́ ìyàwó lọ́hùn-ún, ó ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀, ni wọ́n bá lé ìyá Haleemah jáde nílé. Haleemah di abilékọ, ó di arúgbó, síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù láyé ṣì ń bi í pé, "Àlímọ̀, erin rẹ ò tíì dé?" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì yí ojú sí ọ̀nà.

Ẹnìkan ló júwe ilé Theophilus Ọláṣẹ̀hìndé fún Bùsírátù ní Ìbarà. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, sítáǹpù ogun ló sì ń kó jọ, èyí tí àwọn ará Jàpáànì lò nígbà tí wọ́n gba Bọ́mà lọ́wọ́ òyìnbó. Wọ́n lu àwòrán ọ̀kín mọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì lójú lára àwọn kan. Lára àwọn mìíràn, erin ń fi ọwọ́jà gbé gẹdú.

"Bá mi tò wọ́n ní ọdún-ọdún," bàbá ti wí. "Tó o bá tò wọ́n tán, màá sọ ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn ṣọ́jà rẹ. Ṣùgbọ́n má wo ẹ̀yìn wọn o. Ẹ̀yìn wọn ò kàn ọ́."

Ó tò wọ́n, wọ́n dojú bolẹ̀. Ó tún wọn tò, wọ́n tún dojú bolẹ̀. Iṣẹ́ kí la wá ń ṣe?

Ó fi ẹ̀mú kékeré mú ọ̀kan láti yí i padà. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀mú. Ó fọwọ́ kàn án. Ó rin. Gọ́ọ̀mù ọgọ́rin ọdún, tó ti gbẹ, tó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló rọ̀ yìí, tó ń fà, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ahọ́n lá a.

Ohùn bàbá wá láti yàrá kejì, ó ń há bí ewé gbígbẹ. "Hephzibah! Omi!"

Ìyẹn náà tún ni. Láti àárọ̀, jọ́ọ̀gì mẹ́fà, ètè rẹ̀ sì là síbẹ̀.

"Bí bàbá tó bí i ṣe ṣe náà nìyẹn," Hephzibah sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bó ṣe ń gbé omi kọjá. "Odò Ògùn ò jìnnà sí wọn, òǹgbẹ ló pa á."

Bùsírátù wo ẹ̀yìn sítáǹpù ọwọ́ rẹ̀. Ó ti pa òfin bàbá yìí mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan síbẹ̀, wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà. "Ògúnrìndé, Òṣíẹ̀lẹ̀. Má bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà." Ó wo òmíràn, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́. "Ifádùnmí, Kémta. Ṣé o ti ń rìn?" Kò sí èyí tí kò ní orúkọ ọmọ kan àti ilé rẹ̀. Nígbà tó dé ojú ewé kẹfà, ó rí orúkọ tó mọ̀.

"Haleemah, Ìjemọ̀. Erin rẹ rè é."

Ó mú un, ó já wọ yàrá bàbá. "Bàbá, níbo lẹ ti rí èyí?"

Bàbá ò bínú. "O ti wo ẹ̀yìn wọn."

"Mo wò ó!"

"Bàbá mi ni wọ́n ní kó máa ṣí lẹ́tà àwọn ṣọ́jà wò, bóyá àṣírí ogun wà níbẹ̀. Sítáǹpù yìí ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀ fún ọmọ wọn. Ó wọ̀ ọ́ lójú, ó ń yọ ọ́ kó pamọ́. Kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ẹ̀bùn, ó ń sun lẹ́tà."

"Gbogbo lẹ́tà?"

"Gbogbo rẹ̀." Ó gbé ife lé ilẹ̀. "Àwọn sítáǹpù yìí fẹ́ lọ sílé, ọmọ mi. Òkú tó fi wọ́n ránṣẹ́ ò sì ní itọ́. Itọ́ ẹni tó bá ka ẹ̀yìn wọn kẹ́yìn, tí kò pín wọn, ni wọ́n ń lò."

"Ọgọ́rin ọdún!" Bùsírátù ké. "Wọ́n lé obìnrin jáde nílé ọkọ, wọ́n fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní, nítorí àwòrán! Kí n wá máa bá olè pín in? Tèmi ni mo mú yìí. Ìyókù, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín pín in!"

"Mo mọ̀ pé wàá wò ó," bàbá dáhùn jẹ́jẹ́. "Irú yín, ẹ sọ fún un pé kó má wo nǹkan, ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ wò."

Bùsírátù ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó kíyè sí i pé ohùn bàbá ò há mọ́. Ife tó gbé lélẹ̀ kún dẹ́nu. Ètè rẹ̀ ń dán.

Haleemah wà ní fàráńdà ní Ìjemọ̀, ó kọjú sí ọ̀nà.

"Ìyá àgbà, erin yín dé."

Ìyá gba sítáǹpù náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó pẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Ó mà kéré o! Ẹ wò ó, ó tún ń ṣiṣẹ́! Ẹ pe Fáyọmí tó ń fi erin mi ṣe yẹ̀yẹ́ wá! Ẹ sọ fún un pé bàbá mi ò purọ́!"

Bùsírátù fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ó bu omi mu. Ó tún bu òmíràn.

"Ààwẹ̀ lo gbà ni?" Haleemah bi í. "Ife kẹrin nìyẹn. Bọ́ ìborí rẹ, kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọ."

Ó bọ́ ọ. Sítáǹpù lẹ̀ mọ́ gbogbo inú rẹ̀, ní ìdojúbolẹ̀, orúkọ wọn síta. Ògúnrìndé ará Òṣíẹ̀lẹ̀ ló wà lókè pátápátá.

Ó fọwọ́ kàn án. Ó rin.