Mọ́tò Tí Kò Wọ Ṣòkòtò

Gbàù! Gbàù!

Ọ̀sán gangan ni. Ìbọn dún níwájú ṣọ́ọ̀bù POS Olúwayẹ́misí ní Igbó-Ọrà, àwọn ọlọ́kadà tó jókòó lábẹ́ igi sì fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ẹlòmíì gbàgbé bàtà.

"Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, ó kú nìyẹn!"

Ẹni tó ń pariwo yìí ni wọ́n ń pè ní Sípíìdì. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló sọ ara rẹ̀, torí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń ráyè fún ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹnìkejì rẹ̀, Rọ́bà, ló ń kó owó sínú báàgì. Sípíìdì ló mú ìbọn, òun náà ló tún ń wa mọ́tò, torí kò gbà kí ọwọ́ ẹlòmíì kan sítíárì rẹ̀.

Olúwayẹ́misí rọra na ọwọ́ sí fóònù.

Gbàù!

Ọta bà á ní apá. Obìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́ nídìí òwò rẹ̀ láàárọ̀ wá ń yí nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí àwọn ọ̀lẹ méjì tí kò lè fi ọkọ́ kọ ebè kan.

Wùùùù-fààà! Mọ́tò pupa gbéra.

Hàkímù mekáníìkì wà lábẹ́ ọkọ̀ ní òdìkejì ọjà nígbà tó gbọ́ ìró yẹn. Kò tíì rí mọ́tò, àmọ́ ó ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ìró náà sí i lọ́jọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Inú rẹ̀ bà jẹ́ bí ẹni tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn olè.

Lọ́jọ́ yẹn, Sípíìdì wọlé sí wọ́kúṣọ́ọ̀bù, kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì yọ dígí dúdú ojú rẹ̀.

"Ìwọ ni mekáníìkì?"

Kíkẹ́lọmọ, àkọ́bí Hàkímù, ju ọmọ yìí lọ. Síbẹ̀ ó ń pe bàbá Kíkẹ́lọmọ ní "ìwọ". Hàkímù gbé e mì. Iṣẹ́ niṣẹ́.

Sípíìdì ní òun fẹ́ kí mọ́tò òun máa sáré ju ti gbogbo ayé lọ. Hàkímù tú páálí méjì, ó to páìpù atẹ́gùn méjì sórí tábìlì.

"Ẹ́ńjìnnì ń mí bí èèyàn ni," ó sọ fún un. "Atẹ́gùn tútù ló fẹ́. Atẹ́gùn gbígbóná fẹ́lẹ́, kì í yó ẹ́ńjìnnì. Páìpù kúkúrú yìí, òkè ló máa wà, àpótí sì bo fílítà rẹ̀. Ti gígùn yìí máa sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn bọ́ǹpà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù jù lóòótọ́, àmọ́ fílítà rẹ̀ kò ní ga ju ojúgun lọ. Eruku pọ̀ níbí. Omi wà lọ́nà oko. Tó bá jẹ́ mọ́tò tèmi, kúkúrú ni mo máa mú."

"Èwo ló ń dún jù?"

"Gígùn."

"Èwo ló ń dán jù?"

"Gígùn náà ni."

"Kí lo wá ń sọ látàárọ̀?"

Rọ́bà rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí Rọ́bà mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn.

Hàkímù tún fa àpò dúdú kan yọ, èyí tí wọ́n fi aṣọ tí omi kì í tètè wọ̀ rán. Ara fílítà ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, kí ìdọ̀tí àti omi má bàa ráyè.

"Ó kéré tán, jẹ́ kí n wọ ṣòkòtò fún un."

"Rọ́bà, ṣé o gbọ́? Bàbá yìí fẹ́ wọ ṣòkòtò fún mọ́tò mi. Ṣé mọ́tò mi ń tọ̀ sára ni?"

Ó wá ku túnà, ẹ̀rọ kékeré tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárì. Òun ló máa ń bá bréènì mọ́tò sọ̀rọ̀, tí á sọ iye epo tó máa mu fún un. Ìpele mẹ́ta ló ní.

"Ìkejì ló bá páìpù yìí mu," Hàkímù wí. "Pápá ìje nìkan ni ìkẹta wà fún. Ńṣe ni yóò máa da epo bíi pé atẹ́gùn kì í tán. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá dín, epo ló máa pa ẹ́ńjìnnì yẹn."

"Ìkẹta ni kó o fi sí. Ṣé ìwọ ló ni mọ́tò ni?"

Hàkímù fi í sí ìkẹta. Orí tí kò gbọ́ ìkìlọ̀, kì í ṣe mekáníìkì ló ń tún un ṣe.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Sípíìdì yọ òǹdè kan lápò, oògùn tí wọ́n fi awọ dì, ó so ó mọ́ páìpù náà, nítòsí fílítà. Ó ní ọwọ́ kò ní tẹ mọ́tò náà láéláé. Páìpù ń dán, òǹdè ń rùn.

Bó ṣe ń lọ, ó gba orí láfún Màmá Rosaline kọjá.

Ní Ìbàràpá, etí títì làwọn obìnrin ń sá láfún sí. Wọ́n á to òkúta yí i ká, mọ́tò á sì yà fún un. Òfin kankan kò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀mùtí pàápàá tó ń wa mọ́tò, tó bá rí láfún, á yà. Sípíìdì kò yà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi táyà tẹ̀ ẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Màmá Rosaline dúró sáàárín ìyẹ̀fun rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mọ́tò náà.

"Láfún yìí á bi ẹ́ léèrè," ó sọ.

Pà-pà-pà-pà! Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìbọn dún yìí, ọ̀kadà mẹ́fà já wọ wọ́kúṣọ́ọ̀bù Hàkímù. Bàbá Tóyọ̀sí, olórí àwọn ọdẹ ìlú, ló ṣíwájú, ìbọn rẹ̀ wà léjìká.

"Hàkímù. Wọ́n ní ìwọ lo tún mọ́tò yẹn ṣe."

"Èmi ni, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé olè ni wọ́n."

Ọdẹ kan tutọ́ sílẹ̀.

"Olúwayẹ́misí ti wà ní ilé ìwòsàn," Bàbá Tóyọ̀sí sọ. "Ìlú ń gbóná. Bí àwọn ọmọ yẹn bá lọ mọ́ wa lọ́wọ́, ìwọ ni wọ́n máa bi léèrè wọn. Mi ò sì mọ̀ bóyá wọn á jẹ́ kó o dé tésàn láàyè."

Ẹ̀rù ba Hàkímù, kí n má parọ́. Ogún ọdún ló fi kọ́ orúkọ rẹ̀ nílùú yìí, ọmọ tó ń pe àgbà ní "ìwọ" sì fẹ́ fi ọ̀sán kan ṣoṣo wó o. Àmọ́ nígbà tó rántí páìpù tó ń dán yẹn, ìbínú lé ẹ̀rù lọ.

"Ibo ni wọ́n forí lé?"

"Ọ̀nà Ẹ̀rúwà. Àwọn ọlọ́pàá ti dínà níwájú."

"Wọ́n á ṣẹ́rí padà nígbà náà, ọ̀nà Ìdèrè ni wọ́n á gbà. Bàbá, ẹ má dá wọn dúró níbẹ̀. Ẹ kàn lé wọn títí wọn á fi yà sí ọ̀nà odò."

"Kí ló wà lódò?"

"Omi ni. Láfún ló sì wà kí wọ́n tó dé omi."

Bàbá Tóyọ̀sí sún síwájú lórí ọ̀kadà rẹ̀.

"Gun ọ̀kadà."

Hàkímù kì ọwọ́ sínú àpótí irinṣẹ́, ó mú àpò fílítà dúdú tí Sípíìdì kọ̀ lọ́jọ́sí, ó fi í sápò. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó pe Màmá Rosaline.

"Ẹ bá mi tẹ́ gbogbo láfún yẹn dí títì pátá, ẹ̀yin àtàwọn tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ sá wọgbó."

"Ṣé mọ́tò pupa yẹn ni?"

"Òun ni."

"Ó ti tó." Ó pa fóònù.

Wùùùù-fààà! Bí Hàkímù ṣe wí gẹ́lẹ́, mọ́tò pupa ti rí ọlọ́pàá, ó ti ṣẹ́rí padà, ó wá ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ìdèrè. Àwọn ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Sípíìdì na ìbọn gba ojú fèrèsé.

Gbàù! Gbàù!

Ọta fọ́ iná iwájú ọ̀kadà kan. Hàkímù tẹ orí ba sẹ́yìn Bàbá Tóyọ̀sí, ó ń pe Ọlọ́run.

Iwájú funfun báláú. Láfún bo títì láti etí dé etí.

Ọmọ Ìbàràpá tó bá rí irú ẹ̀, ó yẹ kó fura. Ta ló ń sá láfún dí gbogbo títì? Àmọ́ kí ni Sípíìdì mọ̀? Ó tẹ iná mọ́lẹ̀.

Fùùùù!

Ìyẹ̀fun gbòde. Mọ́tò pupa wọ inú rẹ̀, ó jáde ní funfun bí adìyẹ tó já sínú igbá èlùbọ́. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, fílítà tó wà ní ìhòòhò ń fa láfún símú bí áṣáà.

Rọ́bà fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò fún ọlọ́pàá lẹ́yìn náà.

"Ọ̀gá, mọ́tò ń wúkọ́," ló ní òun sọ.

"Ìwọ lò ń wúkọ́," Sípíìdì dá a lóhùn. "Òǹdè ń ṣiṣẹ́."

Níbi oríta, àwọn ọdẹ mẹ́rin ti fi ọ̀kadà gba ọ̀nà àbùjá síwájú. Ìbọn wọn dún lẹ́ẹ̀kan náà sókè. Dòòò! Sípíìdì já sítíárì sí ọwọ́ òsì, ó bọ́ sí ọ̀nà odò.

Ibi táwọn obìnrin ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí nìyẹn. Kò ní afárá, kò sì nílò rẹ̀. Lásìkò yìí omi ibẹ̀ kò ga ju ojúgun lọ. Ọ̀kadà tó gbé èèyàn mẹ́ta ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣàààà! Mọ́tò wọ omi.

Ẹni tó bá ti dúró nídìí ààrò rí mọ ohun tí láfún máa ń dà tí omi àti ooru bá bá a. Nínú fílítà Sípíìdì, ó ń rò, ó ń dì. Ẹ́ńjìnnì wá atẹ́gùn, kò rí. Túnà kò gbọ́, kò mọ̀, ó ń da epo lọ ní ìpele kẹta gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe pa á láṣẹ.

Kúhù. Kúhù-kúhù. Pọ́ọ́.

Èéfín dúdú yọ lẹ́yìn. Mọ́tò kú sáàárín odò.

Rọ́bà gbé báàgì, ó bẹ́ jáde, ó sì já sínú kòtò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ láti ọjọ́ mẹ́rin. Òórùn tó jáde níbẹ̀ tó láti mú èèyàn jẹ́wọ́. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Sípíìdì tẹ ìbọn. Kẹ́. Ó tún un tẹ̀. Kẹ́. Ọta ti tán.

Ó wá rántí òǹdè. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́ǹpà, ó ń pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ pé kó pè tó bá fẹ́ pòórá. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú nǹkan tó gbóná, tó ń fà. Nígbà tó fa ọwọ́ jáde, láfún ló kún un. Òǹdè wà nínú rẹ̀, bí ẹran nínú òkèlè.

Kò pòórá. Gbogbo wa ń rí i.

Nígbà tó máa gbójú sókè, ẹnu ìbọn Bàbá Tóyọ̀sí ló rí. Ó rí Hàkímù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dígí dúdú ti bọ́ sómi, ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju ojú ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Sípíìdì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí."

"Ẹ̀yin," Màmá Rosaline wí. Ó ti dé etí odò, ó funfun látòkè délẹ̀. "Ẹ ò rí i pé ó mọ̀ ọ́n pè."

Ọdẹ tó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá Tóyọ̀sí sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀, ó yíjú sí i.

"Bá Bàbá Kíkẹ́lọmọ bu omi fọwọ́. Iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ṣe lónìí."

Hàkímù fọwọ́. Lẹ́yìn náà ó yọ ṣòkòtò fílítà dúdú náà nínú àpò rẹ̀, ó rọra gbé e lé orí Sípíìdì, tí wọ́n ti so lọ́wọ́ sẹ́yìn.

"O bi mí bóyá mọ́tò rẹ ń tọ̀ sára," ó sọ.

Lábẹ́ bọ́ǹpà, omi funfun ń kán tó, tó, tó sínú odò.

"Wò ó."